Ìwé Àkókò Tí Mo Kọ fún Àwọn Ọmọ Àbúrò Mi

Ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ àbúrò mi ni ọkọ rẹ̀ kó àwọn ọmọ wọn wá bá mi ní Ṣakí. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún méje. Báàgì kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ní, ṣùgbọ́n bàbá wọn di àpò èlùbọ́ kan àti iṣu mẹ́wàá mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà kejì, bí ẹni pé ó ń bẹ̀rù kí n má sọ pé ẹnu wọn pọ̀ jù. Àgbẹ̀ ni ní Ogbooro. Oko ló ń sùn sí jù láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí wọn yóò fi wa iṣu tán, ìyá rẹ̀ tó ń gbé ilé sì ti di arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ìdí nìyẹn tí ẹbí fi ní kí àwọn ọmọ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, kí ìwé wọn má bàa dúró.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà. Mo ti lọ́kọ rí, kò sọmọ, kò sì pẹ́ tí kálukú fi bá tirẹ̀ lọ. Èmi nìkan ni mo ń gbé yàrá méjì tí mo gbà, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ariwo nínú rẹ̀ ju ti rédíò lọ. Ilé ìgbàgbọ́ ni wọ́n ti bí èmi àti àbúrò mi. Nígbà tó fẹ́ ọkọ rẹ̀ ló di Mùsùlùmí, kò sì sẹ́ni tó bá a jà sí i, torí lọ́dọ̀ wa, inú àwo kan náà ni ọmọ Ìmàle àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì ti ń jẹun.

Ó yẹ kí n sọ bí ó ṣe kú, nítorí ibẹ̀ ni ìwé àkókò náà ti wá. Oyún oṣù mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní orí ń fọ́ òun láti àná, ẹsẹ̀ òun sì wú débi pé bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Mo mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń kìlọ̀ rẹ̀ fún àwọn aláboyún. Mo ní, "Lọ sí kílíníìkì lónìí, kí wọ́n wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ." Ó ní àwọn tó ń bá wọn wa iṣu ń bọ̀ lọ́la, òun fẹ́ se oúnjẹ wọn ná, bó bá di ọ̀tunla òun á lọ. Mo ní kó má gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, bí ẹni tó ń rán ọmọdé létí pé kó ra iyọ̀ bọ̀. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mi ò pè é. Lọ́jọ́ kẹta, gìrì gbé e, kí wọ́n sì tó gbé e dé Ṣakí, òun àti ọmọ inú rẹ̀ ti lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni èrò kan ti wọ̀ mí lára, pé ohunkóhun tí ènìyàn kò bá fún ní àkókò tirẹ̀, yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ dé, mo ra páálí funfun kan, mo fi máákà kọ gbogbo ọjọ́ wọn sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni jíjí. Wọn yóò ká ẹní, wọn yóò gbálẹ̀, wọn yóò wẹ̀. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ògì àti àkàrà, tàbí búrẹ́dì. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n gbọ́dọ̀ ti wà lójú ọ̀nà ilé ìwé. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á jẹun, wọ́n á fọ àwo, wọ́n á sùn fún wákàtí kan. Láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà, wọ́n á lọ kàwé lọ́dọ̀ ìyá tó ń gbé ní yàrá kejì sí wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, òun náà ló ń bá mi dúró tì wọ́n nígbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́ òru. Aago mẹ́jọ ààbọ̀, ibùsùn. Mo ra aago tó ń dún, mo gbé e sí orí àga nínú yàrá wọn.

Bí mo ṣe kọ ọ́ ni wọ́n ṣe ń tẹ̀lé e. Ẹ̀rù ìyẹn ì bá ti bà mí, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn ni. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, àwo ti gbẹ, ìwé wà lórí tábìlì, èyí àgbà á kúnlẹ̀ kí mi, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n ti ṣe fún mi bí ẹni ń jábọ̀ fún ọ̀gá. Mo fi í yangàn níbi iṣẹ́. Ìyá tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ yìí ń gbọ́ràn jù."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìyẹn náà ti di ẹjọ́, mà?"

"Ìyá rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta nínú ilẹ̀. Mi ò tíì rí i kó sunkún, mi ò tíì rí i kó ṣagídí. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù."

Mo ní mo gbọ́. Mi ò bi í.

Bàbá wọn náà bi mí ní ìbéèrè kan lórí fóònù nígbà kan. Ó kí mi títí, ó béèrè iṣẹ́, kó tó wá rọra sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ilé kéwú wọn ńkọ́? Èyí àgbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tó dáa kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa." Mo wo páálí náà lórí ilẹ̀kùn. Aago mẹ́rin sí mẹ́fà ni àwọn ọmọ àdúgbò ń lọ sí ilé kéwú, mo sì ti fi ìwé kíkà sí ibẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ìdánwò yìí kọjá ná." Ó ní kò burú. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò tún bi mí mọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Nígbà yẹn, omi ti wọ́n. Ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ti bàjẹ́, ọlọ́mi tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì káàkiri ni gbogbo wa ń dúró dè. Ní ìdájí ọjọ́ kan, mo jí láti lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, mo sì bá èyí àgbà lẹ́yìnkùlé, nídìí dúrọ́ọ̀mù omi, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fọ aṣọ. Òtútù mú gan-an.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

Ó dìde dúró lójijì. "Mo ń fọ aṣọ ni, mà."

"Aago mélòó ni mo ní kí ẹ máa jí?"

"Márùn-ún ààbọ̀, mà."

"Aago mélòó ló lù báyìí?"

 Ó ní, "Mo fẹ́ kírun, mà."

"Ṣé aṣọ fífọ̀ là ń pè ní ìrun kíkí? Omi tí a ń wá kiri yìí lò ń dà sílẹ̀ ní ìdájí? Ọmọdé gbọ́dọ̀ sùn tó. Bí aago kò bá dún, mi ò gbọ́dọ̀ rí yín níta. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la ń fọ aṣọ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Ó da omi ọṣẹ náà sí ìdí òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó má bàa ṣòfò, ó sì wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, kò jí ṣáájú aago mọ́. Bí aago bá sì ti dún, gbálẹ̀, wẹ̀, jẹun ló kàn. Mi ò béèrè ìgbà tó ń ráyè kírun. Mo kàn mọ̀ pé ó ń gbọ́ràn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà. Ọjọ́bọ̀ ni, iṣẹ́ àárọ̀ ni mo lọ. Nígbà tí mo dé ní nǹkan bí aago mẹ́ta, mo bá èyí àbúrò níwájú ilẹ̀kùn, ó jókòó, báàgì ìwé méjèèjì wà lórí itan rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ dà?"

"Ó ní kí n máa bọ̀ nílé, mà."

"Níbo ló wà?"

Ó di báàgì méjèèjì mú gbágbá. "Ó ní kí n má sọ."

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo rántí pé mo mú un ní èjìká, mo sì rántí pé ara rẹ̀ le bí igi. Mo ní mi ò ní nà án, mi ò ní na ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo bi í ló bú sẹ́kún. Ó ní, "Ó lọ bá Bàbá."

Mo pe bàbá wọn, fóònù rẹ̀ kò wọlé. Inú oko ni ó wà, kò sì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Mo fa àbúrò lé ìyá tíṣà lọ́wọ́, mo sì lọ sí gáréèjì nínú aṣọ iṣẹ́ mi. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà níbẹ̀ sọ pé òun rí ọmọ ilé ìwé kan tó wọ bọ́ọ̀sì Ago-Amodu, ìlú tó wà lójú ọ̀nà Ogbooro. Mo gun ọ̀kadà tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ ti àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà, àwa àgbà pàápàá kì í dá rìn ní ọ̀nà yẹn bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Koríko ti gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n ti dáná sun ún níbi kan, gbogbo ilẹ̀ dúdú, ọyẹ́ sì bo iwájú débi pé mi ò rí ju ìwọ̀n ọ̀pá iná mélòó kan lọ. Ohun tí mo ń rò ni pé n óò tún gbé òkú kan fún bàbá wọn.

Ní Ago-Amodu, wọ́n ní owó ọkọ̀ ọmọ náà kò kọjá ibẹ̀. Ó ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ kí awakọ̀ kan tó ń lọ kó iṣu ní Ogbooro, tó sì mọ bàbá rẹ̀, tó rí i lójú títì, tó sì gbé e. Awakọ̀ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n títí di òní. Mò ń ṣàdúrà fún un.

Kò tíì tó àkókò ìrun àṣálẹ́ nígbà tí mo dé ilé wọn ní Ogbooro. Ọmọ náà jókòó ti ìyá àgbà tó bí bàbá rẹ̀, ó ń bá a ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, eruku ti sọ ọ́ di pupa. Nígbà tó rí mi, ó kúnlẹ̀. Ọwọ́ mi ti gòkè. Mi ò mọ ìgbà tó gòkè. Ìyá àgbà wo ọwọ́ náà, ó wò mí lójú, kò pariwo.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, jókòó ná. Mu omi."

Mo jókòó. Mo mu omi. Ibẹ̀ ni mo wà títí bàbá wọn fi ti oko dé. Ó gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó kàn sọ fún ọmọ náà pé, "Sọ ọ́. Sọ ohun tó wà ńbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní nà ọ́."

Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyí, láìgbójú sókè. Láti alẹ́ tí ìyá wọn ti kú ni àbúrò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀rù bà á pé bí mo bá mọ̀, n óò dá wọn padà, ìwé wọn á sì dúró. Ó wá ń jí ní aago márùn-ún, kí aago tó dún, á bọ́ aṣọ lára àbúrò rẹ̀, á fọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ ìbora, á sá a sí ẹ̀yìn ilé, lẹ́yìn náà ni yóò ṣe àlùwàlá tí yóò sì kírun. Nígbà tí mo ní kó má jí ṣáájú aago mọ́, kò sí àyè láti fọ nǹkan kan. Àbúrò rẹ̀ wá ń wọ yúnífọ́ọ̀mù lé ara tí kò mọ́ dáadáa. Ní kíláàsì, àwọn ọmọ ń di imú. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ọmọkùnrin kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ilé ìwé, èyí àgbà sì lù ú, tíṣà sì ní kó kúnlẹ̀ sínú oòrùn títí wọ́n fi jáde.

"Mo fẹ́ wá sọ fún Bàbá pé kí wọ́n wá kó wa," ó ní. "Owó ọkọ̀ èèyàn kan ni mo ní. Mi ò fẹ́ kí àbúrò mi fẹsẹ̀ rìn."

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Kò sí nínú ìwé, mà."

Kò sọ ọ́ bí ẹni ń bú mi. Bó ṣe rí lójú rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ohun gbogbo tí ó yẹ kí wọ́n ṣe nílé mi, mo ti kọ ọ́ sí ara páálí yẹn, èyí tí mi ò kọ, kò sí.

Ogún ọdún ni mo ti ń pààrọ̀ aṣọ lábẹ́ àwọn aláìsàn. Bí ènìyàn bá tọ̀ ní ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù, imú mi á gbọ́ ọ kí wọ́n tó pè mí. Nínú ilé ara mi, mi ò gbọ́ òórùn ọmọ ọdún méje. Àbí mo gbọ́. Mo ti ronú sí i láti ìgbà náà, n kò lè búra pé mi ò gbọ́. Mo rí i tí wọ́n ń sá ẹní lójoojúmọ́. Mo rí aṣọ lórí okùn. Mo wò wọ́n bí ẹni ń wo iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe tán.

Ojú ń ti èmi àti bàbá wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jà. Ẹ tọ́jú wọn, ara wọn dá. Èmi náà mọ̀ pé ó ń tọ̀ sílé. Èmi ló yẹ kí n sọ fún yín. Mo rò pé ẹ máa sọ pé a kò tọ́ ọ."

Ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ti lo ọmọ ọdún méjìlá bí ẹni tí kò ní ìyá láti sọkún fún."

Ọmọ náà wà ní Ogbooro títí di ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí mo padà lọ mú un, mo mú àbúrò rẹ̀ dání, mo sì ra páálí tuntun kan. Lórí ẹní ìyá àgbà la tẹ́ ẹ sí. Mo fi máákà lé èyí àgbà lọ́wọ́, mo ní òun ni yóò kọ ọ́. Ó kọ́kọ́ kọ àkókò ìrun. Ó kọ ilé kéwú sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ìwé kíkà sí ọjọ́ méjì. Ní àárọ̀, ó kọ "aṣọ àbúrò mi," mo sì gba máákà lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ "Àǹtí," orúkọ tí wọ́n ń pè mí, sí iwájú rẹ̀, kí ó mọ ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́. Nígbà tó dé ibi ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó dúró.

"Kí ni ká kọ síbẹ̀?" ni mo bi í.

Ó ní, "Ẹ má kọ nǹkan kan síbẹ̀, mà."

A padà sí Ṣakí. Alfa obìnrin kan wà ní òpópónà kejì sí wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo fi wọ́n sí. Mo máa ń jí àbúrò kí ó tọ̀ kí èmi náà tó sùn. Bí aṣọ bá tutù ní àárọ̀, èmi ló ń fọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kẹ́ẹ̀gì méjì péré ló kù. Mo lọ bá tíṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo ní kí wọ́n fún un ní àyè láti jáde nígbàkigbà. Ó tó oṣù márùn-ún kí aṣọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Àbúrò sì di ọmọ tó ń ṣagídí: ó ń fi oúnjẹ sílẹ̀, ó ń fèsì, ó ń sá pamọ́ bí mo bá ní kó wá wẹ̀. Mo dúpẹ́ fún gbogbo rẹ̀.

Èyí àgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà mìíràn, ó kírun tirẹ̀, ó ka ìwé tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn tí a padà, mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ nínú balùwẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò mọ̀ bóyá kí n kanlẹ̀kùn tàbí kí n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹkún rẹ̀. Mi ò kanlẹ̀kùn. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá èyí tó dáa ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ní kí ló ń ṣe é, ó máa ń ní kò sí, mà. Kò tún jábọ̀ fún mi mọ́. Nígbà tí ọdún ìwé yẹn parí, ìyá àgbà ṣubú, ìdí rẹ̀ kò sì gbé e mọ́ dáadáa. Bàbá wọn ní ẹnìkan nínú àwọn ọmọ lè wá máa wà pẹ̀lú rẹ̀, ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì wà ní Ogbooro náà. Ó ní ọwọ́ mi ló kù sí. Mo ní kí a bi ọmọ náà. Mo retí pé yóò ronú sí i, ó kéré tán fún ọjọ́ kan. Kò ronú. Ó ní, "Mo fẹ́ lọ, mà," ó sì wọlé lọ ká aṣọ rẹ̀.

Àbúrò ló kù sọ́dọ̀ mi. Ó ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá báyìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Nígbà Iléyá tó kọjá, ó wá lo ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ wa. Ó ti ga jù mí lọ. Ó bá mi gé ẹran, ó bá mi kó o sínú ìkòkò, a sọ̀rọ̀ bí òjò ṣe pẹ́ dé àti bí ìyá àgbà ṣe ń gbìyànjú láti fi ọ̀pá rìn. Mo ti ń ronú ọ̀rọ̀ kan láti ọdún mẹ́ta, mo sì rí i pé bí mi ò bá sọ ọ́ níbẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ mọ́.

Mo ní, "Ọjọ́ tí mo bá ọ níbi tí o ti ń fọ aṣọ, ó yẹ kí n bi ọ́ pé aṣọ ta ni. Mi ò bi ọ́. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí."

Ó ń fọ ọ̀bẹ. Ó fọ̀ ọ́ tán, ó nù ún, ó gbé e sí ibi tí ó yẹ.

"Ó ti pẹ́, mà," ó ní. "Ẹ má ronú sí i mọ́."

Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Àbúrò rẹ̀ ké pè é láti yàrá pé òun ti tú irun òun tán, kí ó wá di í. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó yẹ̀ fún mi kó lè kọjá láìkàn mí lára, ó sì lọ bá a. Mo gbọ́ tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín sí ohun kan tí mi ò mọ̀. Ẹran ṣì wà lórí iná, mo yí i padà kó má bàa jóná.